Rìsíkátù, Kí O Tó Da Kọnkéré Òkè Mọ́ṣáláṣí

Ilé wa, Ọ̀rányàn,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Rìsíkátù mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọkọ rẹ tó wá kí wa lánàá ni mo ní kó mú ìwé yìí bọ̀ fún ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ṣé fóònù yín ti bàjẹ́ ni?" Mo ní fóònù mi ò bàjẹ́, ẹnu mi ni kì í dúró dáadáa tí mo bá ti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, o ti máa ń sọ pé "Mo ti gbọ́, Mọ́mì," kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, èmi náà á sì gbà pé o ti gbọ́. Lórí ìwé, mo lè sọ tèmi dé òpin.

Jọ̀wọ́, má fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gbogbo ohun tí mo bá kọ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé olùkọ́ dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú bírò pupa. Mo ti kọ ojú ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan, mo fà á ya, mo tún un kọ. Mò ń bi ara mi pé ta ni mí, tí mò ń gba ayàwòrán ilé nímọ̀ràn lórí ilé? Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo mọ̀, ìyẹn náà ni mo sì rọra tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni mí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o fi àwòrán mọ́ṣáláṣí tuntun han gbogbo wa, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí ìwọ ti padà sí Èkó. Ọjọ́ kejì yẹn ló mú kí n jókòó ti ìwé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn.

Nígbà tí wọ́n kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ pé ìwọ ni ìgbìmọ̀ yàn láti ya àwòrán mọ́ṣáláṣí tuntun àdúgbò wa, gbogbo ènìyàn dìde, àfi bàbá rẹ. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Alága, olórí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé náà, wá bá a, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ ni? Ọmọ yín ni wọ́n pè!" Bàbá rẹ ní, "Mo gbọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run kí òrùlé má jò ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ fún ọ.

Àwòrán náà fúnra rẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí àtijọ́. Mo mọ àwọn òpó gbàgìdì inú rẹ̀ tó máa ń dí ojú ẹni, mo mọ páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà bíi ti gbogbo òrùlé tó yí wa ká títí dé ìsàlẹ̀ Màpó. Nígbà tí o tan àwòrán tìrẹ sára ògiri, tí mo rí gbọ̀ngàn ìrun ńlá tí kò ní òpó kankan láàárín, òrùlé rìbìtì tó dà bíi pé afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, àti fèrèsé kéékèèké tó yí ìdí òrùlé náà po kí oòrùn lè máa wọlé láìsí iná mànàmáná, mo yọ fóònù mi jáde, mo yà á sínú rẹ̀. O ní àwọ̀ bíríkì ara ògiri yóò jọ àwọ̀ páànù ilé wa, kí mọ́ṣáláṣí náà má baà dà bí àlejò láàárín àdúgbò. O ní láti Ọjà'ba ni ènìyàn yóò ti máa rí ilé gogoro tí a ó ti máa pe ìrun. Mo wo ẹnu rẹ tó ń sọ gbogbo èyí, mo rántí pé ẹnu tí mo fi ọwọ́ là nígbà tí o kọ ògì ní kékeré ni.

Lẹ́yìn náà lo wá fi àyè àwọn obìnrin hàn wá. Òkè ni. O ní a ó ní fáànù tiwa, a ó ní ibi àlùwàlá tiwa, a ó sì ní ògiri oníhò tí a ó ti máa rí Lèmọ́mù ní ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí wa. Àtẹ̀gùn kan ló gbé ni lọ síbẹ̀, ó yí po bí ìkarahun ìgbín, ó rẹwà gan-an.

Kọngílá tó gbaṣẹ́ ìkọ́lé náà wà níbẹ̀. Àwọn àlejò tó wá láti Àbújá láti fi owó ràn wá lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbádá wọn. O yíjú sí Ìyá Àdínì, olórí àwa obìnrin mọ́ṣáláṣí, o kúnlẹ̀, o ní, "Ìyá, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" Ìyá Àdínì na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó kọjá ohun tí a lálàá rẹ̀. Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kó ṣojú ẹ̀mí wa." A ṣe àmín. Nígbà tí o wà lọ́nà Èkó, o pè mí, o ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ rí bí inú wọn ṣe dùn?" Mo ní mo rí i. Lóòótọ́, mo rí i.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Ìyá Gani, ilé tó tẹ̀lé mọ́ṣáláṣí. O mọ Ìyá Gani, òun ló máa ń fún ọ ní gúgúrú nígbà tí o wà ní kékeré. Ó ń fi òróró pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi wo orúnkún yìí. Tí mo bá forí kanlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń fà mí dìde. Ta ló fẹ́ wá máa pọ̀n mí gun òkè?"

Ẹnì kan ní, "Gàníyù ọmọ yín á gbé yín."

"Gàníyù? Gàníyù tó bá gbé korobá omi, tó ń pe orúkọ mi bí ẹni tí ejò bù jẹ!"

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Àdínì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, pé àtẹ̀gùn tó lọ tààrà pàápàá, ògiri lòun máa ń dì mú kí òun tó lè gùn ún. Èyí tó ń yí po wá ńkọ́?

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un nígbà tó béèrè?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àìdáa. Ó ní, "Ìyàwó," torí ìyàwó ni mo ṣì jẹ́ nílé yìí pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi, "níwájú àlejò? Kí n já ọmọ wa kulẹ̀ níwájú àlejò? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀! Kí wọ́n padà sí Àbújá, kí wọ́n ní àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá ò gba tirẹ̀?"

Ìyá Gani ní, "Wọ́n á ní, 'Ṣebí a ti sọ, ẹ ò gbọ́. Ẹ lọ gbéṣẹ́ fún obìnrin.'"

"Àbí ẹ ò rí nǹkan," Ìyá Àdínì ní. "Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ bó ṣe yà á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe ni. A ó máa kí ìrun tiwa nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí. Kò síbi tí Ọlọ́run kì í ti í gbọ́."

Mo ní, "Gbogbo wa?"

"Ìwọ lè gòkè. Ẹsẹ̀ tìrẹ ṣì le."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó bínú, Rìsíkátù. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ẹní máa gbà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ náà, ẹni tó máa jókòó lórí àga, ẹni tó máa wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin yìí ló pọn omi tí wọ́n fi po yẹ̀pẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún ògiri mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ṣe, oyún sì wà nínú àwọn mìíràn nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ débi pé wọ́n fẹ́ fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ fún ọ. Mi ò lè gbé èyí mì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò fọwọ́ sí àwòrán rẹ pátápátá, kọngílá yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ títí dé kọnkéré òkè. Tí kọnkéré bá ti gbẹ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ mọ́. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ìmọ̀ràn tí mo ní nìyí, mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, nípa bí a ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríídọ̀mù iṣẹ́ aṣọ, mo rán bùbá kan fún ìyá bàbá rẹ. Ọjọ́ tí a ń sọ ẹ̀gbọ́n rẹ lórúkọ ni mo gbé e fún un, ó wọ̀ ọ́, ilé kún. Mo béèrè bóyá ó bá a mu. Ó ní, "Ó bá mi mu bí ẹni pé ara mi lo gé e lé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú. Mi ò rí bùbá yẹn lọ́rùn rẹ̀ mọ́ láyé. Nígbà tó papò dà tí a ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, mo rí i nínú àpótí. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú abíyá rẹ̀ kó lè gbà á, kò sì gbà á, ó wá ká a pa dáadáa.

Láti ìgbà náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé aṣọ bá a mu. Màá ní kó gbé ọwọ́ sókè, kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ nílẹ̀. Èmi á máa wo abíyá àti ẹ̀yìn. Ẹnu lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, apá ò mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, má bi Ìyá Àdínì mọ́ bóyá mọ́ṣáláṣí rẹ dára. Ó dára, gbogbo wa mọ̀. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ jọ gun àtẹ̀gùn ilé Bàbá Alága, kí o sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìkejì, ilé ni kí o ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan. Má mú kọngílá wá, má gbé kọ̀mpútà wá, má sì jẹ́ kí wọ́n gbé àga fún ọ. Jókòó sórí ẹní, mu omi tí wọ́n bá fún ọ, kí o gbọ́ ìtàn orúnkún Ìyá Gani dé òpin. Lójú àlejò, ọ̀gá ni ìwọ, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àbùkù rẹ. Lórí ẹní, ọmọ wọn ni ọ́, wọ́n á sọ tinú wọn fún ọ, wọ́n tiẹ̀ lè bú ọ díẹ̀.

Àwọn ọkùnrin náà ńkọ́? Ṣáájú ọjọ́ Àìkú, lọ kí Lèmọ́mù nílé, kí o sì lọ kí Bàbá Alága. Má jẹ́ kó jẹ́ pé nínú ìpàdé ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ pé o fẹ́ yí nǹkan padà. Àgbà tí a bá ọ̀rọ̀ lójijì ní gbangba, kì í lè gbà, bí ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ dára. Kọngílá lè fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ilé ìrun là ń kọ́, kì í ṣe ibi ìjà, bẹ́ẹ̀ ni o kì í mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa tí inú bá ń bí ọ. Èmi lo fi jọ.

Mo fẹ́ pe èyí tó kàn ní ìkẹta, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn ni tàbí ẹ̀rù ara mi. Mo mọ̀ pé ojú máa tì ọ́ láti dìde sọ pé ohun tí o yà, o fẹ́ tún un yà. O máa rò pé wọ́n á ní o ò mọ̀ ọ́n. Ìrònú yìí ni mò ń gbé lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́. Àwọn tó jókòó tì mí, ọjọ́ orí àbúrò rẹ ni wọ́n wà. Olùkọ́ á ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á ní ó yé wa, èmi náà á mi orí, bẹ́ẹ̀ ni kò yé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ ohun tó gbé ọwọ́ mi sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi." Ojú mi gbóná, mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn mi wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Àwa náà ò gbọ́ nǹkan kan." Olùkọ́ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì lè gbé ọwọ́ sókè mọ́ láti ìgbà náà o, màá parọ́ tí mo bá ní ẹ̀rù ti tán. Mo kàn mọ̀ pé mi ò kú.

Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í. Mi ò mọ irin tó ń gbé òrùlé bẹ́ẹ̀ dúró. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ò gba gbogbo wa ní ìsàlẹ̀, pé o ti rò ó títí kí o tó gbé wa sókè. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún wọn bó ṣe rí, wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo wo àwòrán náà nínú fóònù mi lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kànga, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ibi ìgbọ́kọ̀sí lo fi ṣe. Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń wa ọkọ̀ wọ ọ̀nà tóóró wa yìí? Ọ̀kadà pàápàá ń bẹ ògiri kó tó kọjá. Àwọn àlejò ọjọ́ yẹn, Ọjà'ba ni wọ́n gbé ọkọ̀ sí, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Mo kàn ní kí n béèrè ni. Bóyá àwọn àgbà lè wà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa gòkè. Tí ìbéèrè mi bá jẹ́ ti òmùgọ̀, má sọ fún ọkọ rẹ.

Kí n má gbàgbé, jẹun. Ọkọ rẹ ní o máa ń fi tíì nìkan lo ọjọ́ tí o bá ti ń yàwòrán. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò ṣe àwàdà. Ọkùnrin tó bá ń ka oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ ò jẹ, ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá le, má fi ìbínú kọngílá dá a lóhùn.

Mo sọ fún Ìyá Àdínì pé mo máa kọ̀wé sí ọ. Mi ò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Tó bá sunkún ńkọ́?" Mo ní tó bá sunkún, á nu ojú nù. Ó ní, "Ìyàwó, ọkàn rẹ le o." Ọkàn mi ò le. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí pé mo lè mú ayọ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ìyá Gani ní tí o bá wá lọ́jọ́ Sátidé, òun á sọ òótọ́ fún ọ, tí o ò bá sì wá, òun á ṣì máa ṣe àdúà fún ọ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ òun. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni wọ́n máa ń jókòó.

Ọwọ́ rẹ ni ìyókù wà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ọjọ́ Àìkú, mi ò sì ní bẹ Bàbá Alága lẹ́yìn rẹ. Tí o bá dìde tí o ní kí wọ́n kọ́ ọ bó ṣe wà, màá gun àtẹ̀gùn náà. Màá tẹ́ ẹní mi sókè, màá wo òrùlé rìbìtì náà, màá máa dúpẹ́ pé ọmọ mi ló yà á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, nínú ìlà ìrun, èjìká Ìyá Gani ló máa ń kan tèmi lápá ọ̀tún, ti Ìyá Àdínì lápá òsì. A kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá dúró lókè níbẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì kọjá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.